Fáànù rédíétọ̀ kọ̀, kò yí: bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí iná ti dúró

Iṣẹ́ kan tí ó máa ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ onímọ́tò ní agbègbè wa ni láti mọ ìdí tí fáànù rédíétọ̀ fi kọ̀ láti yí. Ọkọ̀ á kúrò ní Kàbà ní àlàáfíà, á máa lọ geere, ṣùgbọ́n bí ó bá ti há sẹ́yìn àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ní Obájànà, tàbí tí wọ́n dá a dúró ní ibi àyẹ̀wò ojú ọ̀nà fún ìṣẹ́jú 10, abẹ́rẹ́ gééjì ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé a ó ra fáànù tòkunbọ̀, a ó dè é mọ́ ibẹ̀, yóò sì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì. Bí ó bá tún dákẹ́, ẹnìkan yóò fa wáyà láti orí bátìrì wá tààrà, a ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ fáànù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tí ó jẹ́ pé orí wáyà kan tí ó ti dípẹtà níbi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara ọkọ̀ ni ó ń dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀.

Iná máa ń ti bátìrì bọ́ sínú fíúsì, yóò wọ inú riléè (súwíìṣì tí iná kékeré ń tan kí iná ńlá lè kọjá), riléè yóò dúró de àṣẹ séńsọ̀ tí ń wọn ooru omi tàbí ti kọ̀ǹpútà ọkọ̀, lẹ́yìn náà ni iná yóò tó dé mọ́tò fáànù, tí yóò sì gba ara ọkọ̀ padà sí bátìrì. Ibì kan ní ojú ọ̀nà yìí ni iná ti dúró, ibẹ̀ gan-an ni a ń wá. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ fáànù, a ó sì máa rìn padà sẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ra ohunkóhun títí ẹ ó fi rí i.

Ohun tí ẹ nílò

- Mítà tí ó ń wọn fóòtì àti óòmù. Èyí tí kò wọ́n náà tó.
- Tẹ́sítà onígílóòbù, irú èyí tí àwọn rewáyà ń lò.
- Wáyà méjì tí ó nípọn, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mítà kan, kí ọ̀kan nínú wọn ní ilé fíúsì áńpíà 30 lójú ọ̀nà.
- Wáyà tín-ín-rín kúkúrú kan, fún ẹnu séńsọ̀.
- Fíúsì àti riléè tí nọ́ńbà wọn bá ti inú ọkọ̀ yín mu.
- Sípánà 10, sáńpépà, abala ìwé pélébé kan, àti omi rédíétọ̀ tí ó mọ́.

Òwúrọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó ṣíná ọkọ̀, ni ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́, ẹ sì ká apá agbádá tàbí okùn ìborùn tí ó bá ń fì kúrò nítòsí. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, fáànù lè ṣàdédé yí lẹ́yìn tí a ti yọ kọ́kọ́rọ́, nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ yọ orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì nígbàkigbà tí ọwọ́ yín bá máa kan abẹ́ fáànù. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Omi tí ó wà níbẹ̀ ń hó lábẹ́ ìfúnpá, ojú àti àyà ni ó sì máa ń tú sí.

Ìpele 1: Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé fáànù ni ó ń dá ọ̀ràn

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń la èyí: nígbà wo ni abẹ́rẹ́ máa ń gòkè? Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, tàbí tí ó bá ń rákò lẹ́yìn tírélà lórí òkè, ni ó máa ń gòkè, tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti rí ojú ọ̀nà sáré, ọ̀rọ̀ fáànù ni. Atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń ṣe iṣẹ́ fáànù nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè ní àkókò tí ẹ ń sáré lórí ilẹ̀ títẹ́jú láàárín Mọ̀pà sí Ìsánlú, ẹ fi fáànù sílẹ̀, àfi bí ó bá ń yí sódì (ẹ wo ìpele 2). Omi tí kò pé, rédíétọ̀ tí ó ti dí, ẹ̀rọ tí ń ti omi kiri, tẹmọsítáàtì (ìlẹ̀kùn tí ooru ń ṣí fún omi) tàbí tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ lọ wò.

Ẹ wo omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni pé inú omi ni séńsọ̀ ooru gbọ́dọ̀ wà kí ó tó lè mọ bí omi ṣe gbóná tó. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀ tí séńsọ̀ kù sínú afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì lè máa jóná lọ kí séńsọ̀ máà fi iṣẹ́ rán fáànù rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti pààrọ̀ séńsọ̀ tí kò ní àléébù, nígbà tí ó jẹ́ pé lítà omi kan ni ó sọnù.

Ẹ tún wo àárín rédíétọ̀ ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ AC tí ó wà níwájú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa ojú ọ̀nà ilẹ̀ Bùnú àti Yàgbà pẹ̀lú koríko gbígbẹ máa ń ṣù pọ̀ síbẹ̀ bí ìbora, fáànù á máa yí, atẹ́gùn kò sì ní kọjá. Omi rọra-rọra ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ sí iwájú. Ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tí agbára rẹ̀ pọ̀, nítorí yóò tẹ àwọn ìyẹ́ rédíétọ̀ pa.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣíná, kí ẹ tan AC. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, ó kéré tán, fáànù kan gbọ́dọ̀ yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí fáànù bá yí fún AC, ṣùgbọ́n tí kì í yí fún ooru, ọ̀dọ̀ séńsọ̀ àti àṣẹ ni ẹ ó fojú sí, ẹ sì lè fo lọ sí ìpele 5. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: ọkọ̀ onífáànù méjì lè ní fíúsì méjì àti riléè méjì, nítorí náà, bí fáànù AC bá yí, kò túmọ̀ sí pé ara fáànù kejì dá. Ẹ fi ojú yín rí èyí tí ó yí àti èyí tí kò yí.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ti parí ìpele yìí: omi pé, ojú rédíétọ̀ mọ́, ẹ sì lè sọ ní gbólóhùn kan pé fáànù báyìí kì í yí nígbà báyìí.

Ìpele 2: Ẹ dán mọ́tò fáànù wò fúnra rẹ̀

Ẹ yọ orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kí ẹ fi ìka yí fáànù. Ó yẹ kí ó yí wẹ́rẹ́, kí ó sì dúró jẹ́jẹ́. Bí ó bá le, tàbí tí ẹ gbọ́ tí ó ń ha, búṣì inú rẹ̀ ti jẹ. Bí ó bá ń mì sọ́tùn-ún sósì, ọ̀pá àárín rẹ̀ ti tẹ̀ tàbí kí búṣì rẹ̀ ti gbòòrò.

Ẹ wá yọ ṣọ́kẹ̀tì mọ́tò náà, kí ẹ dá orí bátìrì padà, kí ẹ sì fi wáyà yín méjèèjì fún mọ́tò ní iná láti orí bátìrì, kí wáyà oní-fíúsì wà ní ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù. Ẹnu mọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ so wáyà mọ́ dáadáa, kí ẹ tó fi ìkejì kan bátìrì. Wáyà dúdú ni ó sábà máa ń jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú gbogbo ọkọ̀.

Ẹ má ṣe dán irú èyí wò lára fáànù tí wáyà rẹ̀ ju méjì lọ láìmọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun kan, àpótí kékeré tí ń darí ìyára wà lára fáànù, wáyà tín-ín-rín tí ó wọ inú rẹ̀ sì ń gbé àṣẹ kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fi fóòtì 12 sí i, ẹ lè ba ohun tí owó rẹ̀ ju ti mọ́tò lọ jẹ́.

Ìtọ́ka sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ṣe pàtàkì. Fáànù tí ó wà lẹ́yìn rédíétọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, gbọ́dọ̀ máa fa atẹ́gùn wọlé láti iwájú ọkọ̀. Ẹ gbé abala ìwé yín sí iwájú rédíétọ̀: bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó dára, bí ó bá fò lọ, fáànù ń yí sódì. Kò sí ohun méjì tí ó ń fa èyí ju pé ẹnìkan ti so wáyà méjèèjì ní òdì-kejì nígbà tí ó ń de fáànù tòkunbọ̀. Fáànù irú bẹ́ẹ̀ ń pariwo, ó ń bá atẹ́gùn ojú ọ̀nà jà, ọkọ̀ á sì máa gbóná síi nígbà tí ó bá ń sáré.

Ẹ jẹ́ kí ó yí fún ìṣẹ́jú 5 gbáko. Aládùúgbò mi kan ní Ìyàrà gbé ọkọ̀ wá, fáànù rẹ̀ sì yí lójú wa, a ní ó dára, ó lọ. Kò tíì dé Kàbà tí ó fi dúró. Nígbà tí a tún un dán wò, a rí i pé bí mọ́tò náà bá ti gbóná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 ni ó máa ń dákẹ́, àfi bí a bá gbá a lẹ́yìn. Káábọ̀nù tí ń gbé iná wọ inú mọ́tò ni ó ti jẹ tán. Mọ́tò tí a gbọ́dọ̀ gbá kí ó tó yí ti kú, bí ó tilẹ̀ ń mí.

Àyẹ̀wò: fáànù yí fún ìṣẹ́jú 5 láìfà sẹ́yìn, ìwé lẹ̀ mọ́ iwájú rédíétọ̀, fíúsì ojú wáyà kò sì jó. Bí gbogbo èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ra fáànù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mọ́tò ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ìpele 6.

Ìpele 3: Fíúsì

Ẹ ṣí àpótí fíúsì tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ti fáànù sábà máa ń jẹ́ áńpíà 30 tàbí 40, a sì máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ ìdérí àpótí náà. Ẹ má ṣe fi ojú lásán dá fíúsì láre. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi tẹ́sítà kan ẹsẹ̀ fíúsì méjèèjì. Gílóòbù gbọ́dọ̀ tàn lápá méjèèjì. Bí ó bá tàn ní apá kan ṣoṣo, fíúsì ti jó. Bí kò bá tàn níbì kankan, iná kò tilẹ̀ dé inú àpótí.

Fíúsì tí ó jó ní ìdí tí ó fi jó. Ẹ yọ ṣọ́kẹ̀tì fáànù, kí ẹ fi fíúsì tuntun oní-nọ́ńbà kan náà sí i, kí ẹ sì mú kí iná fáànù dé, bóyá nípa títan AC. Bí ó bá jó nígbà tí fáànù kò sí lójú ọ̀nà, wáyà kan ti bó, ó sì ń kan ara ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ dá ṣọ́kẹ̀tì fáànù padà ni ó tó jó, mọ́tò ń fa iná ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ó bá fi fíúsì tí nọ́ńbà rẹ̀ ga tàbí wáyà kọ́pà dípò rẹ̀ ti gbé iná sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, mo sì ń bẹ yín, ẹ má ṣe é, ì báà jẹ́ láti fi dé ilé.

Àyẹ̀wò: gílóòbù tàn lápá méjèèjì fíúsì, ẹsẹ̀ fíúsì kò sì yọ́. Ẹsẹ̀ tí ó yọ́ túmọ̀ sí pé ilé fíúsì ti tú, kò gbá a mú mọ́.

Ìpele 4: Riléè, wáyà àti ẹ́ẹ̀tì

Ibí ni ọ̀pọ̀ àbùkù máa ń sá pamọ́ sí, ẹ fara balẹ̀. Riléè ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sábà máa ń ní nọ́ńbà lábẹ́: 85 àti 86 ni wáyà tín-ín-rín tí ń gba àṣẹ, 30 ni ibi tí iná ńlá ti ń wọlé, 87 ni ibi tí ó ti ń jáde lọ sí fáànù. Àwọn ọkọ̀ Japan kan ń lo nọ́ńbà 1, 2, 3 àti 5 dípò wọn: 1 àti 2 ń gba àṣẹ, 3 àti 5 ń gbé iná ńlá.

Ohun tí ó yá jù ni kí ẹ fi riléè mìíràn tí nọ́ńbà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá a mu pátápátá pààrọ̀ rẹ̀, irú bíi ti họ́ọ̀nù. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé riléè dára nítorí pé ó ró "kẹ́". Kíké yẹn ń sọ fún wa pé ó gbọ́ àṣẹ. Kò sọ pé iná kọjá nínú rẹ̀. Ojú kọ́ntáàkì inú rẹ̀ lè ti jó dúdú.

Ẹ yọ riléè kúrò, kí ẹ fi wáyà oní-fíúsì yín so ihò 30 pọ̀ mọ́ ihò 87, kí kọ́kọ́rọ́ wà ní títàn. Bí fáànù bá yí dáadáa, mọ́tò, fíúsì, wáyà àti ẹ́ẹ̀tì (wáyà nẹ́gẹ́tíìfù tí a dè mọ́ ara ọkọ̀) ti gba ìdáláre lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá ku riléè tàbí àṣẹ. Bí kò bá yí, tí ó sì ti yí tààrà láti bátìrì ní ìpele 2, wáyà tàbí ẹ́ẹ̀tì ni.

Láti mọ èyí tí ó jẹ́ nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí wáyà náà wà níbẹ̀, kí ṣọ́kẹ̀tì fáànù wà ní ìdúró rẹ̀, kí ẹ wá gbé mítà sí fóòtì. Ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan kan orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kí èkejì kan wáyà nẹ́gẹ́tíìfù lẹ́yìn ṣọ́kẹ̀tì fáànù. Bí ó bá ju ìdajì fóòtì, ìyẹn 0.5, lọ, ẹ́ẹ̀tì kò dára. Ẹ ṣe bákan náà láàárín orí pọ́sítíìfù bátìrì àti wáyà pọ́sítíìfù fáànù. Ọkọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ fáànù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí mo mẹ́nu bà níṣàájú fi fóòtì 4 hàn ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ẹ̀tì. A tú bóòtì 10, a fi sáńpépà ha ìpẹtà, a dè é padà, fáànù sì yí bí ìjì. Ẹ má ṣe wọn èyí nígbà tí fáànù kò sí lójú ọ̀nà, nítorí pé bí kò bá sí ohun tí ń fa iná, wáyà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já tán yóò fi fóòtì 0 hàn yín, bí ẹni pé ó dára.

Àyẹ̀wò: fáànù ń yí láti ihò riléè, ìyàtọ̀ fóòtì kò sì ju 0.5 lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ìpele 5: Séńsọ̀ àti àṣẹ

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú séńsọ̀ tí ó ń pàṣẹ fún fáànù yín, nítorí pé ọkọ̀ kan lè ní méjì tàbí mẹ́ta. Séńsọ̀ oníwáyà kan ṣoṣo sábà máa ń jẹ́ ti gééjì nìkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti rà á lásán.

Nínú àwọn Golf àti Passat àtijọ́, súwíìṣì ooru wà lára rédíétọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ yọ ṣọ́kẹ̀tì rẹ̀, kí ẹ fi wáyà so ẹnu méjèèjì pọ̀. Bí ẹnu bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ so èyí tí iná wà nínú rẹ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí ó kù. Nínú irú èyí, iná mọ́tò lè máa gba ibẹ̀ kọjá, nítorí náà, wáyà oní-fíúsì ni kí ẹ lò. Bí fáànù bá yí, wáyà dára, súwíìṣì ni ẹ ó wò. Bí ó bá jẹ́ pé ìyára ńlá nìkan ni ó ń yí, tí ìyára kékeré kò dáhùn, rẹsísítọ̀ ìyára kékeré (ohun tí ń dín iná kù kí fáànù lè rọra yí) ni ó jó. Àmì rẹ̀ ni pé fáànù kì í dìde títí ooru yóò fi pọ̀ jù, lẹ́yìn náà ni yóò wá bú sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ ń ṣe é ní òdì-kejì: bí ẹ bá yọ ṣọ́kẹ̀tì súwíìṣì náà nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní títàn, fáànù gbọ́dọ̀ yí. Ẹni tí kò mọ èyí yóò so ẹnu rẹ̀ pọ̀, kò ní rí nǹkan kan, yóò sì sọ pé wáyà ti já.

Nínú àwọn ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí, ẹ yọ ṣọ́kẹ̀tì séńsọ̀ ooru ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà yóò ka èyí sí ewu, yóò sì tan fáànù. Iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì lè tàn, kódù P0118 sì lè wọlé. Ẹ pa á rẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tí ń ka kódù yá, P0480 ń tọ́ka sí ojú ọ̀nà àṣẹ fáànù kìíní, P0117 àti P0118 ń tọ́ka sí séńsọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí ẹ wo ìwọ̀n ooru tí kọ̀ǹpútà ń rí ní òwúrọ̀ kùtù. Ó yẹ kí ó súnmọ́ ti afẹ́fẹ́ òde. Bí ó bá ń sọ 60 nígbà tí ìrì ṣì wà lórí gíláàsì, séńsọ̀ ń purọ́.

Láìsí ẹ̀rọ yẹn, mítà lè ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan, séńsọ̀ tí ó tutù, ní nǹkan bí dígírì 20, máa ń ní óòmù 2,000 sí 3,000. Bí ooru bá dé 80, yóò ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 300. Ẹ ri séńsọ̀ náà bọ inú ife omi gbígbóná, kí ẹ sì máa wò ó bí omi ti ń tutù. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, láìfò.

Àyẹ̀wò: ẹ lè mú fáànù yí láti ẹnu séńsọ̀, séńsọ̀ náà sì ń sọ òtítọ́ nígbà tútù àti nígbà gbígbóná.

Ìpele 6: Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dán ara rẹ̀ wò

Ẹ dá gbogbo nǹkan padà, ẹ de ìdérí rédíétọ̀, ẹ pa AC, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ ní ìdúró. Ọ̀pá rọ́bà òkè yóò kọ́kọ́ gbóná. Bí tẹmọsítáàtì bá ṣí, ní nǹkan bí dígírì 82 nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ̀pá ìsàlẹ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Láàárín nǹkan bí 93 sí 105, gẹ́gẹ́ bí irú ọkọ̀, fáànù yóò dìde, yóò sì tún dákẹ́ bí omi bá ti tutù.

Bí abẹ́rẹ́ bá kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gééjì, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀pá ìsàlẹ̀ bá tutù nígbà tí abẹ́rẹ́ ti ga, omi kò rìn. Súwíìṣì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ kò lè rí ooru nígbà náà, fáànù kò sì jẹ̀bi. Tẹmọsítáàtì tàbí rédíétọ̀ tí ó dí ni. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni yọ tẹmọsítáàtì sọ nù gẹ́gẹ́ bí oògùn, nítorí ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná tó ń mu epo ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì ń tètè jẹ.

Ní ti wáyà tààrà láti bátìrì, ibì kan ṣoṣo ni mo gbà á: bí ilẹ̀ bá ṣú bá yín lójú ọ̀nà, tí mọ́tò fáànù sì dára. Kí wáyà nípọn, kí fíúsì áńpíà 30 súnmọ́ orí bátìrì, kí ẹ sì tú u ní kété tí ẹ bá délé. Bí kò bá sí wáyà, ẹ tan híítà sí gbígbóná pátápátá, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ máa lọ láìdúró. Yóò gba díẹ̀ lára ooru náà lórí ẹ́ńjìnnì.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn: fáànù dìde, ó sì dákẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, abẹ́rẹ́ kò sì kúrò ní àárín. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé ọkọ̀ gun òkè kan ní ọ̀sán gangan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 láìpa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì tún wo abẹ́rẹ́ náà.